Ta Ló Lọjọ́? Ìbéèrè Yín Lórí Aṣọ àti Ìmúra

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lóṣù yìí pọ̀ gan-an, àwọn míì tiẹ̀ fi fọ́tò aṣọ mọ́ ọn, mo jókòó ti gbogbo ẹ̀ lálẹ́ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù tán. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ránṣọ ní Kàbà níbí, ìbéèrè kan sì wà tí mo máa ń bi ẹni tó bá gbé aṣọ wọlé kí n tó mú tẹ́ẹ̀pù rárá: ọjọ́ ta ni? Tí mo bá ti mọ ẹni tó lọjọ́, ìyàwó ni o, òkú ni o, ọ̀gá tó fẹ́ gbani síṣẹ́ ni o, iṣẹ́ ti dé ìdajì. Ẹ máa rí i pé ibẹ̀ náà ni mo ń padà sí ṣáá nínú ìdáhùn mi.

Ìbéèrè: Àǹtí, okun o. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Bùnú ni ọkọ mi ti wá. Bàbá ọkọ mi ṣaláìsí, olóyè ni wọ́n, wọ́n sì dàgbà dáadáa. Ìyá ọkọ mi wá pè mí pé aṣọ pupa máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Nílé tiwa, ẹni tó bá wọ pupa lọ síbi òkú, wọ́n á ní kò mọ nǹkan tó ń ṣe ni. Ṣé kí èmi náà wá léèsì pupa rà ni? Mi ò fẹ́ dójú ti ọkọ mi. (Ìyàwó Bùnú, Lọ́kọ́ja)

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ìyàwó wa. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó náwó, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí ìyàwó ilé tó wọ léèsì pupa tó ń kọ mọ̀nà dé ibi òkú lọ́hùn-ún, ojú gbogbo èèyàn wà lára ẹ̀ títí wọ́n fi parí, òun fúnra ẹ̀ ò sì mọ nǹkan tó ṣe.

Ẹ má ra léèsì pupa. Aṣọ pupa tí màmá ń sọ, kì í ṣe àwọ̀ tí wọ́n jókòó mú fún aṣọ ẹbí, aṣọ ìpò ni wọ́n ń sọ. Àwọn obìnrin Bùnú ló máa ń hun ún láyé àtijọ́, lórí òfì òòró tí wọ́n ń gbé ti ògiri, aṣọ ìsìnkú èèyàn ńlá sì ni láti ayébáyé. Wọ́n máa ń ta á síwájú ilé olóyè tó bá papòdà, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ irú èèyàn tó lọ, ẹ ó tún rí i lára eégún. Ẹ ò sì ní gbà gbọ́ ibi tí wọ́n ti máa ń rí òwú pupa fòò yẹn nígbà náà: aṣọ pupa tó wá láti òkè òkun ni, títí kan búláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti ọsibítù, wọ́n á jókòó tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n á wá fi fọ́nrán ọ̀hún hun aṣọ tuntun. Ẹ ro ọjọ́ téèyàn máa fi jókòó tú búláńkẹ́ẹ̀tì kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun nǹkan kan.

Mo ti fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Ilé ìyá àgbà kan ní Bùnú ni, wọ́n gbé e jáde látinú àpótí, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Mo rò pé ó máa fẹ́lẹ́ bí aṣọ òkè ìsinsìnyí, àfi bó ṣe wúwo lọ́wọ́ mi, ó ki, bátànì ara ẹ̀ yọ sókè tó fi jẹ́ pé téèyàn bá dijú á lè fi ìka tẹ̀ lé e. Wọn ò jẹ́ kó kanlẹ̀ rárá, èmi di etí kan mú, àwọn di etí kejì mú, a jọ ká a padà sínú àpótí. Ìyá tèmi náà hunṣọ, ní Ògìdì, òfì wọn wà lẹ́yìn ilé ìdáná, mo mọ bó ṣe máa ń pẹ́ kí aṣọ tó gùn tó apá lásán, ìdí nìyẹn tí ara mi kì í fi í gbà á téèyàn bá ń sọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ di kọ́lọ̀ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ọjọ́ bàbá ni, àwọn tó tọ́ sí ìpò ló máa lò ó. Tiyín ni pé kẹ́ ẹ pe màmá padà, ẹ má pe ọkọ o, ọkùnrin kì í sábà mọ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ni àwọn ìyàwó ilé yòókù máa wọ lọ́jọ́ àìsùn, lọ́jọ́ tí wọ́n máa sin bàbá, àti lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọ́n bá ti mú ni kẹ́ ẹ mú. Tí wọn ò bá mú nǹkan kan, ìró àti bùbá aláwọ̀ búlúù tó dúdú díẹ̀, tàbí funfun, ó ti tó. Ẹ rántí pé ìyàwó ilé kì í jókòó níbi òkú, ẹ̀yin lẹ máa gbé omi, ẹ máa bu oúnjẹ, ẹ máa kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà láti ìlú mẹ́rin mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí ìró yín tóbi tó láti ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mejì níwájú, ẹ fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan dì í mọ́ abẹ́ bùbá kó má máa tú, kẹ́ ẹ sì wọ bàtà pẹlẹbẹ. Gèlè kékeré. Tí àgbà kan bá wá fún yín ní nǹkan láti ta sí èjìká lọ́jọ́ náà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ má béèrè ohun tó jẹ́ títí dìgbà tẹ́ ẹ bá délé.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Kọ́pà ni mí, Asáyà ni mo ti ṣe káńpù, ilé ìwé kan nítòsí Kàbà ni mo ti ń sìn. Mo máa parí láìpẹ́, báńkì kan ní Àbújá sì ti pè mí fún ìńtáfíù. Súùtì bàbá mi kan ló wà nílẹ̀, dúdú ni, ó tóbi fún mi díẹ̀. Owó tuntun ò sí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ìlú. Gbé súùtì yẹn wọ̀ báyìí, dúró síwájú dígí, kó o fi ìka tẹ ibi tí ojú rírán èjìká ẹ̀ parí sí. Tó bá jẹ́ egungun èjìká rẹ ni ìka rẹ bà, orí ẹ ti yọ. Tó bá jẹ́ òfìfo ló tẹ̀, tí aṣọ fi ju ìbú ìka kan lọ kọjá egungun, gbé súùtì padà fún bàbá, kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èjìká ni gbogbo súùtì. Tẹ́lọ̀ tó bá sọ pé òun máa dín in kù fún ẹ láàárọ̀ kan, irọ́ ló ń pa, àfi kó tú apá, tú kọ́là, tú inú, owó ìyẹn á sì ju owó súùtì míì lọ.

Àmọ́ tí èjìká bá ti bá a mu, ìyókù ò le. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sínú, wọ́n á ká apá sókè débi tó máa dúró síbi egungun ọrùn ọwọ́ kí etí ṣẹ́ẹ̀tì lè yọ díẹ̀ síta, wọ́n á gé ṣòkòtò kó lè bà lé bàtà láìká jọ. Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ yẹn, má dúró di ọ̀sẹ̀ ìńtáfíù.

Tí èjìká ò bá bá a mu ńkọ́? Lọ sọ́jà níbi tí wọ́n ti ń ta òkìríkà, ní àárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bélì. Wo abẹ́ apá, wo ibi tí kọ́là ti ṣẹ́, wo ibi orúnkún ṣòkòtò, ibẹ̀ laṣọ ti máa ń gbó sí, lẹ́yìn náà kó o gbé e sókè kí oòrùn tàn sí i, tí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ á yọ láti inú ihò wẹ́wẹ́. Tí o ò bá tún rí, jọ̀ọ́ má rò ó pé ayé ti bàjẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́ tó sì bá ọrùn rẹ mu, ṣòkòtò dúdú tí wọ́n lọ̀ dáadáa, táì tí ẹnu ẹ̀ dúró sórí báákù bẹ́líìtì, ó dára ju súùtì tó ń gbé èèyàn rìn lọ. Bẹ́líìtì àti bàtà, kọ́lọ̀ kan náà. Ẹni tó máa fọ̀rọ̀ wá ẹ lẹ́nu wò ló lọjọ́ yẹn, ó fẹ́ fi owó ẹlòmíì síkàáwọ́ ẹ, ohun tó ń wá lójú ẹ ni bóyá o máa ń tọ́jú nǹkan.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kọ́pà ń ṣe, má ṣe é o: má wọ fẹ́ẹ̀sì funfun káńpù sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sáyà ẹ̀ máa hàn síta lábẹ́ iná ọ́fíìsì, kedere báyìí. Síńgílẹ́ẹ̀tì lásán ni kó o wọ̀. Ọ̀nà láti ibí dé Lọ́kọ́ja kó o tó kọjá sí Àbújá, o mọ̀ ọ́n, eruku wà, ooru wà, èèyàn á sì fún mọ́ ẹ nínú mọ́tò, torí náà jẹ́ kí ọjọ́ tó ṣáájú bá ẹ níbẹ̀. Súùtì á wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lórí háńgà, ìwọ á wọ tí-ṣẹ́ẹ̀tì rìnrìn àjò. Pọ́líìṣì bàtà lálẹ́, má dúró di àárọ̀, ọwọ́ á dúdú tó o máa fi bọ ọ̀gá lọ́wọ́. Mo ń gbàdúrà fún ẹ.

Ìbéèrè: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin àkọ́kọ́ fẹ́ relé ọkọ nínú oṣù kẹta, ní Lọ́kọ́ja. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni mí. Àwọn ọmọ fẹ́ kí n wọ gáùn léèsì tó fún mọ́ra, tó ní ìrù lẹ́yìn, wọ́n ní báwọn ìyá ìyàwó ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn báyìí. Èmi fẹ́ ìró àti bùbá. Ta ló tọ̀nà? (Ìyá Ìyàwó, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun ọmọ.

Oṣù kẹta ní Lọ́kọ́ja! Mà, kẹ́ ẹ tó yan aṣọ, ẹ yan ooru. Ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, ilẹ̀ ẹ̀ lọ sísàlẹ̀, òkè yí i ká, kì í ṣe irú atẹ́gùn Ìsánlú lẹ máa bá níbẹ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ họ́ọ̀lù bá lọ kú ní agogo méjì ọ̀sán, ẹ̀yin àti léèsì yẹn lẹ jọ máa wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan nípa léèsì torí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń rà á ni. Láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú ni léèsì tí wọ́n fi ẹ̀rọ kó iṣẹ́ sí lára ti ń wọlé sí wa láti orílẹ̀-èdè Austria, agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Vorarlberg, ìlú Lustenau níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti wá, àwọn aláṣọ wa ló ń lọ sọ fún wọn níbẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Léèsì gidi tí wọ́n fi òwú ṣe, ihò ara ẹ̀ máa ń jẹ́ kára mí. Èyí tó kún ọjà báyìí, ọ̀rá ló pọ̀ nínú ẹ̀, wọ́n tún kó òkúta wẹ́wẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ sí i, tẹ́lọ̀ á wá fi láínìnì tó ń dán sí abẹ́ ẹ̀, kí lẹ wá rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sára àgbàlagbà? Ẹ sọ fún tẹ́lọ̀ pé láínìnì òwú lẹ fẹ́, ẹ mú un lọ́wọ́ lọ fún un tó bá jẹ́ pé kò ní i. Ìyẹn nìkan á gba yín lọ́wọ́ ìyà.

Ní ti gáùn, mi ò ní sọ pé àgbà ò gbọdọ̀ wọ gáùn, mo ti rán an fún ẹni àádọ́rin ọdún tó gbé e wọ̀ tó yẹ ẹ́ gan-an. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí ẹni náà wọ aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi kó kúnlẹ̀, kó dìde láìdi ẹnikẹ́ni mú, kó jókòó, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni ń gbàdúrà, kó jó díẹ̀. Ìyá ìyàwó máa ṣe gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ máa gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, ọmọ á kúnlẹ̀ níwájú yín, ẹkún á gbọ̀n yín, tí sípì bá já lẹ́yìn lásìkò yẹn, fídíò ti gbà á. Aṣọ tó bá kọ ọ̀kan lára nǹkan wọ̀nyẹn, kì í ṣe aṣọ yín.

Àbá tèmi: ìró àti bùbá láàárọ̀ níbi ìdána, aṣọ òkè ni kó jẹ́, tó bá di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ fi gáùn tó rọ́ sílẹ̀, tí kò fún, tẹ́ àwọn ọmọ lọ́rùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun, ẹ má tíì sáré lọ sí Ìsẹ́yìn, ilẹ̀ wa níbí ní ahunṣọ. Ògìdì nílẹ̀ Ìjùmú ni wọ́n ti bí Nike Okundaye ní 1951, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà, wọ́n sì dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn obìnrin ti ń hunṣọ. Ẹ lọ wò ó fúnra yín, ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ tètè lọ, ẹni tó ń fọwọ́ hunṣọ ò lè bá yín ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kan.

Gèlè: ẹ mú èyí tí wọ́n fi aṣọ òkè ṣe, kì í yọ̀ lórí bíi ti àwọn tó ń dán, ẹ ò sì ní nílò kí wọ́n fún un mọ́ orí yín tí orí á fi máa fọ́ yín di alẹ́. Kẹ́ ẹ sì béèrè kọ́lọ̀ tí ìyàwó fúnra ẹ̀ máa lò. Ọjọ́ ọmọ ni. Tó bá jẹ́ pé aláwọ̀ wúrà ni tirẹ̀, ẹ má mú aláwọ̀ wúrà.

Ìbéèrè: Mo sanra, Àǹtí. Mo sọ ọ́ tààrà. Gbogbo aṣọ tí tẹ́lọ̀ bá rán fún mi ló máa ń bàjẹ́, tí kò bá fún mi lápá á wú lẹ́yìn, tí mo bá sì fi fọ́tò sítáìlì hàn wọ́n lórí fóònù wọ́n á ní kò sí wàhálà, tí mo bá wọ̀ ọ́ tán mo máa ń sunkún. Aṣọ bí àpò ni mo wá ń wọ̀ báyìí. (Ẹni Tó Ti Sú, Ẹ̀gbẹ̀)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀bi ẹni tó mú tẹ́ẹ̀pù ni, kì í ṣe ẹ̀bi ara ẹni tí wọ́n wọ̀n.

Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan tó tóbi gbé áńkárá wá, mo wọ̀n ọ́n láyà, mo wọ̀n ọ́n ní ìbàdí, mo wọn gígùn, ó tán. Mi ò wọn apá. Mo fojú díwọ̀n ẹ̀. Mi ò sì rẹ aṣọ sómi kí n tó gé e. Ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, ó ní ó fún díẹ̀ ṣùgbọ́n òun á fara mọ́ ọn, ó fọ̀ ọ́, aṣọ súnkì, apá ò wọlé mọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn fi í sínú ọ̀rá, ó gbé e kalẹ̀ lórí máṣíìnì mi, ó lọ. Látìgbà yẹn, mi ò gé áńkárá láìrẹ ẹ́ sómi, mi ò sì fojú díwọ̀n apá ẹnikẹ́ni.

Nǹkan tẹ́ ẹ máa sọ fún tẹ́lọ̀ rèé. Kó wọn apá yín níbi tó ti tóbi jù, kẹ́ ẹ ká ọwọ́ sókè bí ẹni ń jẹun, torí apá máa ń tóbi sí i téèyàn bá ká a. Kó wọn láti èjìká dé orí ọmú, kó wá wọn láti èjìká dé abẹ́ ọmú, tí wọn ò bá wọn méjèèjì ni aṣọ fi máa ń gùn lẹ́yìn tó máa ń kúrú níwájú. Kó wọn ìbàdí yín nígbà tẹ́ ẹ bá wà lórí ìjókòó pẹ̀lú. Bùrèsíà tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ní kó fi ínṣì kan sílẹ̀ nínú ojú rírán, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó má gé e dànù, tẹ́ ẹ bá sanra sí i, tẹ́ ẹ bá gbẹ, aṣọ á ṣì wúlò.

Fọ́tò orí fóònù yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá ti ẹni tó ní irú ara yín. Wọ́n wà, wọ́n pọ̀, wọ́n sì rẹwà gan-an. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ aṣọ tó ní rọ́fù mẹ́rin ní ìbàdí, ó ń wá ìbàdí ni, ẹ̀yin ní tiyín. Bátànì ńláńlá lè dára lára yín ju wínníwínní lọ, torí ara tó tóbi ló máa jẹ́ kí bátànì náà hàn tán. Ẹ yí áńkárá wẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó rà á, ojúlówó áńkárá wáàsì (wax), ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ bí iwájú. Ẹ má ra yáàdì mẹ́rin kẹ́ ẹ wá fi tẹ́lọ̀ sínú ìnira, ẹ ra mẹ́fà.

Ẹ kó aṣọ bí àpò yẹn kúrò nílẹ̀. Aṣọ tó tóbi ju èèyàn lọ kì í bo sísanra, ó ń fi kún un ni. Ojú rírán èjìká kó dúró lórí èjìká, kí aṣọ fara kan yín díẹ̀ lábẹ́ ọmú, kó wá rọ́ sílẹ̀ látibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba Kàbà kọjá, ẹ wá, mi ò ní gbowó wíwọ̀n, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ wọ aṣọ kan ṣoṣo tó bá yín mu kẹ́ ẹ rí ara yín ni.

Ìbéèrè: Àdìrẹ mi ń tú aró sára mi, ọrùn mi á dúdú. Ṣé kí n fi iyọ̀ sí i? (Akẹ́kọ̀ọ́, Mọ̀pà)

Ìdáhùn: Mi ò rí i kí iyọ̀ ṣe nǹkan kan. Fọ̀ ọ́ lóun nìkan, omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, má rẹ ẹ́ mọ́jú, ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi ẹ̀ á fi mọ́. Sá a síbi òjìji, kí inú ẹ̀ wà níta. Má wọ bùrèsíà funfun sábẹ́ ẹ̀ fún ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Tíṣà ni mí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Láti oṣù kọkànlá di oṣù kìn-ín-ní, aṣọ ẹbí mẹ́fà ni wọ́n ti kó fún mi, ìgbéyàwó, òkú, ilé ṣíṣí. Ẹni tó kẹ́yìn yìí, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé ni, a jọ jìyà pọ̀ ni, ó fẹ́ sin ìyá ẹ̀. Mi ò lówó aṣọ ẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ. (Tíṣà, Ìyàrà)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó. Lẹ́tà yín nìkan kọ́ lèyí, mẹ́rin irú ẹ̀ ló wà níwájú mi, obìnrin ni gbogbo wọn, olówó oṣù ni gbogbo wọn.

Àwọn márùn-ún yòókù, ẹ gbàgbé wọn, ẹ fi kọ́lọ̀ tó bá jọ ọ́ lọ, kò sẹ́ni tó máa dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Ti ọ̀rẹ́ yín yìí ló yàtọ̀. Ọjọ́ ìyá ẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ yín sì ló ń jẹ́ olókùú, ohun tó máa rántí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ni ẹni tó sùn tì í lálẹ́ àìsùn. Torí náà ẹ má sá fún un, ẹ má sì dákẹ́ kó máa retí owó. Ẹ pè é, kì í ṣe mẹ́séèjì o, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín, kẹ́ ẹ ní: "Ọ̀rẹ́ mi, owó aṣọ yẹn ò sí lọ́wọ́ mi lóṣù yìí, mi ò fẹ́ purọ́ fún ẹ. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Thursday, mo máa bá yín dáná." Kẹ́ ẹ wá bi í pé kí ni kọ́lọ̀ gèlè. Gèlè nìkan lẹ máa rà. Ìró àti bùbá búlúù kan ò lè má sí nínú àpótí yín, aṣọ òkú tàbí ti ìgbéyàwó ẹnì kan lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ gbé e jáde, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kó le gbagidi, ẹ pààrọ̀ ọrùn bùbá tó bá ti ṣí, tẹ́lọ̀ tó wà ládùúgbò yín á ṣe ìyẹn láàárọ̀. Gèlè tó bá tiwọn mu lórí aṣọ tó mọ́, ó ti pé.

Ẹ pè é lónìí ṣá, kó tó lọ bá aláṣọ san tiyín mọ́ tàwọn yòókù.